Wọ́n Ń Béèrè Nípa Wa, Ẹlòmíràn Ló Ń Bá Wa Dáhùn

Ẹ̀yin ọba wa aládé, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà, Ṣakẹ́tẹ́, Pobè àti Àjàṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá wa Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé lápá Togo, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa. Bí ọ̀dọ́ kan bá dìde nínú ìpàdé, tó ní kí àwọn ọmọ wa wọ àwọn agbo ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa dáhùn ohun tí ayé ń béèrè nípa wa, kíá ni àgbà kan á ti na ọwọ́ sókè. Á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ẹnì kejì á ní ibi èébú ni. Ẹnì kẹta, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, á wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé: "Ṣé ẹ fẹ́ kó àṣírí ilé síta ni?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. A ó mu omi, a ó tú ká. Mo ní kò gbọdọ̀ parí síbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀ rí. Agbo ìbéèrè kì í ṣe WhatsApp tí ẹ mọ̀, níbi tí a ti ń fi "ẹ kú àárọ̀" àti àwòrán òdòdó ránṣẹ́ síra wa. Ẹnì kan á kọ ìbéèrè kan sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n, ìbáà wà ní Japan, ìbáà wà ní Bantè, lè dáhùn. Àwọn tó bá ka ìdáhùn náà á fọwọ́ sí èyí tó dára, èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí jù á gòkè, òun ni ẹni tó bá wá lẹ́yìn á kọ́kọ́ rí. Àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní tiwọn láti 2008, Stack Overflow ni wọ́n ń pè é. Quora tí àwọn méjì tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Facebook dá sílẹ̀ ní 2009 gba gbogbo ìbéèrè, ti ìtàn, ti ìlera, ti oúnjẹ, ti ìlú. Reddit náà wà láti 2005. Ìdáhùn tí a bá kọ síbẹ̀ lónìí, ẹni tó bá wá a lórí Google lọ́dún márùn-ún sí i lè rí i. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìdí àga nìyẹn.

Wàyí o, kí ni ayé ń béèrè nípa wa? Ẹ lọ wò ó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé: ṣé Yorùbá wà níbòmíràn yàtọ̀ sí Nàìjíríà? Ẹ̀yin tó ń sùn tó ń jí ní Pobè, tí ẹ ń ná owó fránkì, tí ẹ ń fi Yorùbá gbàdúrà, wọ́n ń béèrè bóyá ẹ wà láyé! Èkejì: ṣé àwọn ará Benin ló ṣe ère idẹ tó gbajúmọ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Ìlú Benin ti Ẹdó ní Nàìjíríà ni ère yẹn ti wá. Orílẹ̀-èdè tiwa, 1975 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ Benin. Kó tó dìgbà náà, Dàhómì là ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kò sí ọmọ Benin tó jókòó láti là á yé wọn ní sùúrù. Ẹ̀kẹta ni ti Kétu. Kétu kan wà ní Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ Ketu wà ní Ghana lẹ́bàá Aflao, Kétu tiwa tí Alákétu ń jọba lé lórí wà ní Plateau. Ẹni tó bá béèrè nípa Kétu, ìdáhùn ti ọjà Èkó ni wọ́n á kọ́kọ́ jù sí i lọ́wọ́.

Ta ló ń dáhùn? Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris tó ka ojú ìwé méjì. Ọmọ Èkó tí kò rékọjá Sẹ̀mẹ̀ rí. Ará Amẹ́ríkà tó ń wá ìran rẹ̀, tó sì ní ìtara ju ìmọ̀ lọ. Mi ò bú wọn. Wọ́n gbìyànjú, àwa ni kò gbìyànjú. Èyí tí kò rí ẹnu bodè Àkábà Ìdènà rí ló ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbẹ̀ dákẹ́ sílé, ó ní òun kò fẹ́ tú àṣírí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ àṣírí yìí gan-an, nítorí òun ló wúwo jù.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé àwọn baba wa kò dáhùn ìbéèrè àlejò, irọ́ lẹ pa mọ́ àwọn baba wa. Ní 1956, Parrinder, òyìnbó oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwé kan jáde lórí ìtàn Kétu. Ibo ló ti rí i kọ? Ṣé ó lá a lójú àlá ni? Ó jókòó ti àwọn àgbà Kétu, ó béèrè, wọ́n dáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1976 lórí bí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣe àkóso wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ààlà. Àwọn àgbà tó wà láyé nígbà náà ni ó bi léèrè. Adédìran ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1994 lórí àwọn ìlú ọba Yorùbá ìwọ̀-oòrùn. Bí àwọn baba wa bá pa ẹnu mọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀rí wo ni à bá ní lónìí pé ìlú wa ti wà kí ààlà tó dé?

Àmọ́ ibi tó ń dùn mí nìyí. Ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ìwé náà sì lọ jókòó sí yàrá ìkàwé ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Paris. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu ló ti fọwọ́ kàn án rí? Agbo ìbéèrè tí ẹ ń sá fún yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí bàbá àgbà bá sọ lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè kà á lórí fóònù lọ́la, lórúkọ bàbá náà, kì í ṣe lórúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan.

Ohun tó jẹ́ awo, awo ni. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ lọ kọ inú igbó Orò síta. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ sọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Ẹni tó bá bi yín ní irú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé a kì í sọ ọ́, ìdáhùn nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ṣé awo ni ọdún tí Dàhómì kó Kétu? 1886 ni. Ṣé awo ni pé ìlú ṣófo, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Abomey, ó sì di ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Abomey ní 1892 kí àwọn tó kù tó padà wá tún ilé kọ́? Ṣé awo ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO ti kéde fún gbogbo ayé láti 2001 pé ogún ọmọ ènìyàn ni, ti Benin, ti Nàìjíríà àti ti Togo papọ̀? Ojúde ọjà là ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí. Èyí tí gbogbo ọjà ti rí, kí lẹ tún fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́lé sí i. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ọmọ àwọn baba wa tí wọ́n tà lẹ́rú ń sin òrìṣà títí dòní. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ìsìn Candomblé wọn, "nação Ketu" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn orílẹ̀ Kétu. Wọ́n ń ki Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tó ń jẹ́ Alaketu, wọ́n sì ní láti ìdílé ọba Kétu ni ẹni tó dá a sílẹ̀ ti wá. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń béèrè lójoojúmọ́, ní èdè Potogí: Kétu dà? Ta ni ọba ibẹ̀ báyìí? Ṣé wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì níbẹ̀? Ará Brazil míì ló ń dá wọn lóhùn, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀. Ó yẹ kí ohùn kan ti Kétu gan-an jáde wá pé: èmi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, báyìí ni nǹkan rí. Ọmọ ilé ló ń kanlẹ̀kùn láti òkè òkun. Àjàṣẹ́ tó gba àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil, tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, kò yẹ kó jẹ́ Àjàṣẹ́ ló máa dákẹ́.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ ohun tuntun tó ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ tó ń fèsì bí ènìyàn, irú ChatGPT. Ibo lẹ rò pé ó ti kọ́ ohun tó ń sọ? Nínú ohun tí ènìyàn ti kọ ni. Ní 2024, Google bá Reddit dòwò pọ̀ kó lè máa lo ohun tí àwọn èèyàn kọ síbẹ̀. Lọ́dún kan náà, OpenAI tó ni ChatGPT bá Reddit àti Stack Overflow ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: bí a kò bá kọ nǹkan kan, ẹ̀rọ náà kò ní rí nǹkan kan kà nípa wa, bí ẹlòmíràn bá kọ irọ́, irọ́ yẹn ni yóò máa sọ fún ọmọ tiyín nígbà tó bá béèrè ní yàrá rẹ̀ lálẹ́. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní ilẹ̀ wọn, wọ́n fa ìlà láàárín wa, Kétu lọ sí ọ̀kan, Ìmẹ̀kọ lọ sí èkejì. Wọn kò bi wá. Èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí, wọ́n ń béèrè, a kò fẹ́ fèsì. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì?

Ẹ̀yin tó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Kíláàsì àwọn ọmọ wa kún, olùkọ́ físíìsì ń ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ tó ń múra fún BEPC tàbí BAC, tí kò yé láàárín ọ̀sẹ̀, ta ni yóò bi? Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí. Ní agbo ìbéèrè, ó lè rí ẹni tó ṣe irú ìṣirò yẹn sílẹ̀ ní èdè Faransé, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná oòrùn, tí bátìrì ń kú mọ́ lọ́wọ́, lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti tún ọgọ́rùn-ún bátìrì ṣe. Ṣé ọ̀lẹ ni ẹni tó ń béèrè iṣẹ́?

Bíbéèrè gan-an, ẹ̀kọ́ ni. Ẹ má rò pé kìkì kí a kígbe "ẹ gbà mí" ti tó. Ní Stack Overflow, bí o kò bá sọ ohun tí o ti gbìyànjú àti ibi tó ti há, wọ́n á ti ìbéèrè rẹ pa. Bí ẹlòmíràn bá ti béèrè irú rẹ̀ rí, wọ́n á nà ọ́ sí ti àkọ́kọ́, ó tán. Ó le, ó máa ń dun ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fara dà á oṣù mẹ́ta á mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀, á mọ bí a ṣe ń yẹ ohun tí a rò pé a mọ̀ wò. Mi ò mọ iye àwọn olóyè wa tó lè yege níbẹ̀. (Ẹ má bínú, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.) Níbẹ̀ kan náà ni wọ́n ti fòfin dè é láti òpin 2022 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lẹ ìdáhùn ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló mọ̀ ọ́n. Èèyàn ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ti èdè tún wà. Kò sí agbo Quora kankan ní Yorùbá. Faransé wà, Gẹ̀ẹ́sì wà. Stack Overflow ní tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì, Potogí, Spánìṣì, Rọ́ṣíà àti Japan ló wà, Faransé pàápàá kò sí níbẹ̀. Àwa tí a ń ná ọjà Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ, tí àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, Gẹ̀ẹ́sì wúlò fún wa ju bí wọ́n ti ń kọ́ ọ nílé-ẹ̀kọ́ lọ. Kíkọ àti kíkà pẹ̀lú àlejò lójoojúmọ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gidi, ló ń tú ahọ́n. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà wọ inú rẹ̀. Mo rí ilé tí ọmọkùnrin mẹ́ta ti ń lo fóònù bàbá, tí wọ́n ní kí ọmọbìnrin tó gbọ́n ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ máa fọ abọ́.

Àkọtọ́ náà tún ń pa wá lára. Faransé kọ wá ní Kétou, Savè, Sakété, Dassa-Zoumé. Ìwé Nàìjíríà kọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́. Álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba Benin fún èdè ìbílẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ, ti Nàìjíríà ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ. Ọmọ tó bá fi ọ̀kan wá wa lè má rí èkejì rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dáhùn, kó máa kọ orúkọ ìlú ní ọ̀nà méjèèjì nínú ìdáhùn kan náà. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ òun ló ń mú kí wọ́n rí wa.

Ti èébú: òótọ́ ni, èébú wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n á sọ fún yín pé Yorùbá tiyín kì í ṣe Yorùbá gidi, nítorí pé ẹ pe fóònù ní pọ́tábù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ má bá wọn jà níbẹ̀. Òfin nọ́ḿbà 2017-20 ti ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní Benin kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdójútì àti ìhàlẹ̀, ọmọ wa tó bá bú ènìyàn níbẹ̀ lè rí ẹjọ́ nílé. Irọ́ náà wà, ìdáhùn tí ẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí lè jẹ́ irọ́ funfun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ṣé kò sí èébú lọ́jà ni? Ṣé torí ẹ̀ ni a ṣe ti ọjà pa? Àwọn olóyè tó ń sọ pé fóònù ń ba ọmọ jẹ́ yìí, nígbà ìbò, àwọn ló ń rán ohùn síta láti àárọ̀ dé alẹ́ pé ẹ dìbò fún báyìí, ẹ má dìbò fún tọ̀hún. Fóònù dára nígbà ìbò, ó wá burú nígbà ìmọ̀?

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí, kò sì pọ̀. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì: àgbà kan tó mọ ìtàn, ọ̀dọ́ kan tó mọ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì kọ. Kí àgbà sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọ̀dọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ọ́, kó tún kà á padà sétí àgbà kó tó fi ránṣẹ́. Lórúkọ ara wọn ni wọ́n á fi dáhùn, kì í ṣe lórúkọ adé. Ọ̀rọ̀ ìjà oyè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà ní kóòtù, wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Owó mẹ́gà, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu àti lókè òkun bá wa dá a. Wọ́n ń dá ti aṣọ ẹbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n sì kọ ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú ìwé líle kan tí yóò wà láàfin. Ẹ má fi gbogbo nǹkan sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àlejò. Yahoo ní agbo ìbéèrè ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005; ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2021, wọ́n tì í pa, ohun tí èèyàn kọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò níbi tí gbogbo ayé ti ń kà á. Ìwé tó wà láàfin kò ní gba àṣẹ Amẹ́ríkà kó tó ṣí.

Kí olúkúlùkù ìlú mú orúkọ méjì rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Olóyè tí kò bá fẹ́, kó má kàn na ọwọ́ sókè bí ti tẹ́lẹ̀. Kó dìde, kó sọ ìdí rẹ̀ létí gbogbo wa, kó sì dárúkọ ẹni tó fẹ́ kó máa bá wa dáhùn.